Ẹni Tó Fẹ́ Yan Orí Gìtá l'Ekosodin, Ẹ Dúró Ná

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo ra gìtá oníná àkọ́kọ́ mi, nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kan l'Ekosodin, lẹ́bàá ọgbà Yunifásítì Benin. Ẹni tó fẹ́ tà á gbé e sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì bí ìgbà tí ìyá ìkókó bá ń tẹ́ ọmọ. Ara rẹ̀ pupa fòò láàárín, ó ń dúdú lọ sí etí bí àkàrà tí epo rẹ̀ gbóná jù. Ọmọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn ń fi pijin tẹnu mọ́ ohun kan ṣáá, pé kí n wo orí ẹ̀. Mo wo orí ẹ̀. Wọ́n kọ Gibson sí i, lẹ́tà náà ń dán. Láti ìgbà náà, mi ò wo ibòmíràn mọ́. Mi ò wo ẹ̀yìn rẹ̀, mi ò wo inú rẹ̀, mi ò tilẹ̀ ní kó gbé kọ́ḿbò, àpótí tó ń gbé ohùn gìtá sókè, wá ká gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí wọ́n ti mú iná lọ, ojú sì ń kán mi. ₦65,000 ni mo kà lé e lọ́wọ́, owó tí mo fi ọdún kan gbáko fi oúnjẹ alẹ́ du ara mi kó jọ.

Oṣù mẹ́ta ni gìtá náà bá mi gbé kó tó yọ̀ lórí àga oníke, ó fi ẹ̀yìn lu sìmẹ́ńtì, orí rẹ̀ sì dá kúrò lọ́rùn. Ojú ibi tó ti dá ni mo ti rí ohun tí mo rà. Orí jẹ́ igi ọ̀tọ̀, ọrùn jẹ́ igi ọ̀tọ̀, gúlú ló so wọ́n pọ̀. Ní iléeṣẹ́ Gibson, ara igi kan náà ni wọ́n ti ń gbẹ́ ọrùn àti orí Les Paul, irú gìtá tí tèmi ń fara wé, jáde. Ayédèrú pọ́ńbélé ni mo fi oúnjẹ alẹ́ rà.

Àwọn ọmọ wa tó ń ti Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Àkúrẹ́, Ìbàdàn àti Èkó wọ Benin lọ kàwé ni mo ń kọ èyí sí, pàápàá àwọn tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti àwọn òbí tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí wọn. Ẹni tó bá ti gbé Ekosodin rí mọ̀ pé àdúgbò náà kì í sùn. Ọsitẹ́ẹ̀lì gbá ti ọsitẹ́ẹ̀lì, ṣọ́ọ̀ṣì gbá ti ṣọ́ọ̀ṣì, orin ń ti ibi méjì mẹ́ta wá pàdé ara wọn lójú ọ̀nà. Ibi tí àwọn tó fẹ́ di olórin bá pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni àwọn tó fẹ́ ta irin iṣẹ́ fún wọn máa ń pọ̀ sí, ojúlówó àti gbájúẹ̀ pa pọ̀.

Àwọn àgbà ti pa ìtàn ohun tó ṣe mí kí gìtá tó dáyé. Oríṣẹ̀ẹ́kú, Oríléèmèrè àti Afùwàpẹ́ jọ ń bọ̀ wá sáyé, wọ́n yà nílé Àjàlá, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ orí, láti lọ yan orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bá Àjàlá nílé, wọn kò sì ní sùúrù. Wọ́n wo orí tó tóbi, tó sì dára lójú, wọ́n gbé e wọ̀. Wọn ò mọ̀ pé amọ̀ rẹ̀ kò jiná. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí sì ń yìnrìn kúrò. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ dúró títí ó fi rí Àjàlá fúnra rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ẹni tó mọ orí bá òun yan orí. Ọjọ́ tí gìtá mi dá lọ́rùn ni mo tó rántí pé ìyá àgbà mi ti sọ ìtàn yìí fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀gbọ́n, nínú àwọn gìtá àtijọ́ tó lórúkọ wọ̀nyí, èwo lẹ fẹ́ràn jù?" Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn ọmọ tó ń kọ́ gìtá lọ́dọ̀ mi. Mo máa ń bi wọ́n padà pé, "Irú orin wo lo fẹ́ fi ta ná?" Inú wọn kì í dùn sí i. Orúkọ ni wọ́n fẹ́ gbọ́, kí wọ́n lè lọ máa wá a kiri lórí fóònù.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tú orúkọ náà wò. Leo Fender, tí orúkọ rẹ̀ wà lórí gìtá káàkiri ayé, aṣerédíò ni. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí ìlú Fullerton ní ìpínlẹ̀ California lọ́dún 1938, kò sì mọ gìtá ta títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a ní 1991. Àwọn olórin tó ń gbé ẹ̀rọ wọn wá fún un tún ṣe ló ń ráhùn sí i létí. Ní 1950, ó gbé gìtá oníná kan jáde tó jẹ́ pákó gbọnrangandan, tí kò ní ihò nínú, tí èèyàn lè tú ọrùn rẹ̀ bí ẹni tú ẹsẹ̀ tábìlì. Ó pè é ní Broadcaster. Iléeṣẹ́ Gretsch ní àwọn ti ń fi orúkọ tó jọ ọ́ ta ìlù. Fender kò bá wọn fa wàhálà. Wọ́n gé orúkọ náà kúrò lára bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí gìtá, ó ku Fender nìkan, wọ́n sì ń tà á lọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó tó di Telecaster ní 1951. Ní gbogbo oṣù tí kò fi ní orúkọ àdápè yẹn, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Stratocaster tẹ̀lé e ní 1954: píkọ́ọ̀pù mẹ́ta, ara tí wọ́n gbẹ́ kó má baà máa gún èèyàn ní ìhà, àti apá irin kékeré tí ẹ lè fi mú ohùn gbọ̀n.

Gibson náà gbé tirẹ̀ jáde ní 1952, wọ́n fi orúkọ Les Paul, onígìtá ará Amẹ́ríkà tó gbajúmọ̀ nígbà náà, sọ ọ́. Èyí tí ara rẹ̀ dà bí oòrùn àṣálẹ́, tí tèmi ń fara wé, ọdún 1958 sí 1960 ni wọ́n ṣe é. Ẹ wá gbọ́ o: ọjà rẹ̀ kò tà. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe láàárín ọdún mẹ́ta yẹn kò tó 2,000, wọ́n sì pa á tì, wọ́n fi gìtá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ oníwo méjì tí à ń pè ní SG lónìí rọ́pò rẹ̀ ní 1961. Ìgbà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi Eric Clapton ra tòkúnbọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì fi ta orin tí ayé gbọ́, ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí wá a. Gibson tún gbé Les Paul jáde ní 1968. Lónìí, owó ẹyọ kan lára ti 1959 yóò kọ́ ilé ní Benin, ilé náà yóò sì ní bọ́ìsì kọ́tà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun l'Ekosodin, ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Gìtá tí gbogbo ayé ń forí balẹ̀ fún yìí, ọdún mẹ́jọ ni àwọn tó ṣe é gan-an fi kẹ̀yìn sí i. Kí ni orúkọ wá sọ fún yín nípa rẹ̀? Ó sọ ohun tí ẹlòmíràn fi ta. Kò sọ ohun tí ẹ̀yin yóò fi ta.

Ìlú Benin sì ni ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí wà. Sir Victor Uwaifo, ọmọ bíbí Benin, tí wọ́n bí ní 1941, ṣe gìtá rẹ̀ àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọdé. Ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé pákó pẹ́lẹ́bẹ́ ló fi ṣe ara rẹ̀, okùn pańpẹ́ ló fi ṣe wáyà rẹ̀, sípóòkù kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe fúrẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n fi ń ṣí agolo sàdínì ló sì fi ṣe kọ́kọ́rọ́ tí ń fún okùn. Ọmọ yẹn ló wá kọ Joromi tí wọ́n fi àwo oníwúrà dá a lọ́lá, òun ló kọ Guitar Boy tí òkìkí rẹ̀ kan débi pé àwọn sójà tó gbìyànjú láti gba ìjọba ní Ghana ní oṣù Kẹrin 1967 fi orúkọ orin náà pe iṣẹ́ ibi wọn. Nígbà tó di gbajúmọ̀ tó lè ra gìtá yòówù, ó tún padà sídìí iṣẹ́ ọwọ́: ó ṣe gìtá ọlọ́rùn méjì olókùn 18 tó ń ta lórí ìtàgé. Sonny Okosun náà ta gìtá nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ ogbó, Uwaifo lọ kàwé ní Yunifásítì Benin, ó sì di olùkọ́ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀, nínú yunifásítì kan náà tí Ekosodin fara tì. Ó kú ní oṣù Kẹjọ 2021. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ọmọ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà yunifásítì yẹn kọjá lójoojúmọ́ yóò tún máa tijú gìtá tí kò ní orúkọ òyìnbó lórí.

Ní tiwa náà, Ayinde Bakare ló kọ́kọ́ mú gìtá oníná wọ inú jùjú ní nǹkan bí ọdún 1949, kí Fender tó gbé Broadcaster rẹ̀ jáde. Ṣé ẹ rí i pé a ti ń ta á kí orúkọ tí ẹ̀ ń lé yìí tó dé?

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bí ẹ ṣe máa yàn. Jùjú fẹ́ ohùn tó mọ́ gaara, tó mú bí abẹ, kí ó má baà rì sábẹ́ gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ bí gìtá mẹ́ta mẹ́rin ṣe ń dá ara wọn lóhùn nínú orin King Sunny Ade láìsí èyí tó tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Gìtá bíi Telecaster tàbí Stratocaster ló sún mọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta bùlúù, tàbí àwọn orin ìyìn tuntun tí wọ́n ń fi ohùn gìtá tó nípọn bí ọ̀gì ta, Les Paul yóò bá a lára mu. Èyí tó bá fẹ́ rìn láàárín méjèèjì, tó fẹ́ ta háíláìfù àti jáàsì, kó wo irú ES-335, tí Gibson gbé jáde ní 1958, tí inú rẹ̀ ṣófo ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n tí pákó gbọnrangandan wà láàárín.

Ọwọ́ yín náà ní ohun tó fẹ́ sọ. Okùn Fender gùn ní íǹṣì 25.5 láti òkè dé ìsàlẹ̀, ti Gibson jẹ́ 24.75. Ìyàtọ̀ yìí kéré lójú, àmọ́ ìka kéékèèké mọ̀ ọ́n. Les Paul sì lè wọn ju kílò mẹ́rin lọ. Ẹ gbé e kọ́rùn láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago márùn-ún ìdájí ní ìsọ́ òru kan, kí ẹ wá sọ fún mi ní àárọ̀ bóyá ẹ ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ní wàhálà tirẹ̀, nítorí gìtá ọlọ́wọ́ òsì ṣọ̀wọ́n ní Benin. Jimi Hendrix, onígìtá ọlọ́wọ́ òsì, yí ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún dojú dé, ó sì fi ta á, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ara gìtá ló gba irú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ gìtá lókè òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà nítorí iná wọn kì í lọ. Píkọ́ọ̀pù jẹ́ irin òòfà tí wọ́n wé wáyà tín-ín-rín mọ́. Píkọ́ọ̀pù onídìí-wáyà kan, irú ti Telecaster àti Stratocaster, máa ń gba ohùn okùn, ó sì tún máa ń gba ariwo iná mọ́ ọn. Òun ló ń jẹ́ kí kọ́ḿbò máa kùn bí oyin kí ẹ tó fọwọ́ kan okùn. Seth Lover, òṣìṣẹ́ Gibson, ló wé ìdì wáyà méjì ní òdìkejì ara wọn kí ariwo ti ọ̀kan lè pa ti èkejì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi í sára gìtá ní 1957. L'Ekosodin, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ogún bá ń dún pọ̀ lálẹ́, tí ẹ sì fẹ́ gba orin sílẹ̀ nínú yàrá, ẹ ó mọ ìdí tí ọkùnrin yẹn fi ṣe wàhálà. Bí ọkàn yín bá ṣì wà lọ́dọ̀ Stratocaster, ọ̀pọ̀ tuntun rẹ̀ kì í kùn tí ẹ bá gbé bọ́tìnnì rẹ̀ sáàárín píkọ́ọ̀pù méjì.

Ó kan ayédèrú wàyí. Mo ti san owó ilé ìwé rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Lórí orí Gibson, ìdérí kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ orúkọ, tó bo ibi tí wọ́n ti ń fi kọ́kọ́rọ́ tún ọrùn ṣe. Sùkúrúù méjì ló ń dì í mú. Mẹ́ta wà lórí tèmi. Bí ẹ bá rí mẹ́ta lórí ohun tí wọ́n kọ Gibson sí, ẹ dìde. Ẹ yí orí náà padà. Láti 1977, nọ́ḿbà mẹ́jọ ni wọ́n ń tẹ̀ wọnú igi lẹ́yìn orí, ó sì wá di mẹ́sàn-án. Ẹ kọ nọ́ḿbà náà sínú Google. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú máa ń fi nọ́ḿbà kan náà sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún gìtá, ẹ lè bá nọ́ḿbà "tiyín" lọ́wọ́ ẹni tó ń ké lókè òkun pé wọ́n lu òun ní jìbìtì. Ní ti Fender, nọ́ḿbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MX ń sọ pé Mexico ni wọ́n ti ṣe é, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú US ń sọ pé Amẹ́ríkà ni. Bí ẹnu ẹni tó ń tà á bá ń sọ Amẹ́ríkà, tí nọ́ḿbà ń sọ Mexico, ẹ gba nọ́ḿbà gbọ́. Gìtá tí wọ́n ṣe ní Mexico kò burú rárá o. Owó Amẹ́ríkà tí wọ́n ń bèèrè lórí rẹ̀ ló burú.

Ohun kan ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ìdí fún ayédèrú. Fender fúnra rẹ̀ ń fi orúkọ Squier ṣe gìtá olówó pọ́ọ́kú láti 1982. Gibson ra Epiphone ní 1957, ó sì ń fi orúkọ yẹn ṣe irú Les Paul kan náà fún àpò tí kò jìn. Yamaha ní Pacifica, tí mo mọyì gidigidi, tí kò sì sẹ́ni tó ń fi í yangàn l'Ekosodin. Owó tí mo fi ra irọ́ yẹn, ì bá ti ra Squier tòkúnbọ̀ tó dára lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, kí ó sì ṣẹ́ kù tí n ó fi jẹ súyà.

Ẹ fi ojú wo ọrùn kódà bó bá jẹ́ ojúlówó. Orí Gibson tẹ̀ sẹ́yìn, igi ibi tó ti tẹ̀ sì tín-ín-rín nítorí ihò tí irin ọrùn gbà kọjá. Bó bá ṣubú sẹ́yìn, ibẹ̀ ló ń dá, ojúlówó ìbáà ṣe tàbí ayédèrú. Mọ̀híọ́gánì ni igi náà, ìbátan ọ̀gànwó tí àwọn agégi ń kó gba Benin kọjá, ó dára fún ohùn ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ìṣubú. Ẹ tan fóònù sí ẹ̀yìn ọrùn, ẹ wá ìlà tín-ín-rín lábẹ́ ọ̀dà. Èyí tí wọ́n ti tún lẹ̀ dáadáa ṣì lè ta fún ogún ọdún, àmọ́ kì í ṣe owó odindi ni ẹ ó san. Ẹ gbé gìtá sójú bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn, kí ẹ fi ojú kan wo ọrùn láti orí dé ìdí: bó bá lọ́, ẹ ó rí i. Ẹ tẹ gbogbo fúrẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí gbogbo kọ́kọ́rọ́ ohùn nígbà tó wà lórí iná. Bí kò bá sí iná, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Lórí iná yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀ jù lọ, nítorí ayédèrú gìtá kì í pa èèyàn, iná ló ń pa á.

Àwọn tó ń ra gìtá àtijọ́ máa ń fẹ́ kọ́ḿbò àtijọ́ tó bá a lọ, tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fóltì 120. Tiwa jẹ́ 240. Ẹ ti í bọ sókẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ẹ ó gbọ́ "pọ̀ọ̀", ẹ ó rí èéfín, owó ti wọlẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Bó bá jẹ́ 120 nìkan ló gbà, àfi kí ẹ ra ẹ̀rọ tó ń rẹ iná sílẹ̀, tí àwọn oníná ń pè ní step-down, kí ẹ sì rí i pé agbára rẹ̀ ju ti kọ́ḿbò lọ. Èyí tó ti London wá sábà máa ń gba iná wa láìsí wàhálà. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour láti fi gbé kọ́ḿbò olówó ńlá, iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tó mu ògógóró.

Èyí tó burú ju ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wáyà tó ń gbé iná wọlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní earth. Wáyà gìtá yín so mọ́ irin inú kọ́ḿbò. Bí kọ́ḿbò bá ní àléébù, tí iná sì ń jò sára irin rẹ̀, earth ló yẹ kó gbé iná náà lọ sínú ilẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọsitẹ́ẹ̀lì, earth yẹn kò sí. Ojú lásán ni ihò kẹta sókẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí púlọ́ọ̀gì wọn jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì sì máa ń fi bírò ti ihò òkè kí ó lè wọlé. Gbogbo wa ti ṣe é rí. Bẹ́ẹ̀ ni iná yóò dúró sórí okùn gìtá, yóò máa dúró dè yín. Ọwọ́ yín wà lórí okùn, ẹ sún ẹnu mọ́ máíkì tí òun ní earth tirẹ̀ lára ẹ̀rọ mìíràn, iná yóò sì gba àyà yín kọjá láti ọwọ́ sí ètè.

Kì í ṣe àlọ́. Leslie Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows láti ilẹ̀ Scotland, fọwọ́ kan máíkì tí kò ní earth lórí ìtàgé ní ìlú Swansea, oṣù Karùn-ún 1972, ó sì kú níwájú èrò. Keith Relf, olórin ẹgbẹ́ Yardbirds, kú nínú ilé ara rẹ̀ ní 1976 níbi tó ti ń ta gìtá tí kò ní earth tó dára. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ nílùú tí iná ti wà létò, kí ni ká sọ nípa ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń fa wáyà láti ilé aládùúgbò, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì tutù nítorí òjò?

Nítorí náà, ẹ fi kọ́ḿbò àti máíkì sórí bọ́ọ̀dù iná kan náà. Kí ẹ tó sún ẹnu mọ́ máíkì, ẹ di ọrùn gìtá mú níbi tí kò ti ní irin, kí ẹ fi okùn kan ara máíkì. Bí ẹ bá rí ìtànṣán tàbí ẹ gbọ́ ariwo "tá", ẹ pa gbogbo rẹ̀, kí ẹ pe oníná. Fóòmù tí wọ́n ń fi bo máíkì kì í wọ́n, ó sì ń ya ètè kúrò lára irin. Ẹ wọ bàtà oníròbà. Bí oníná kan bá sì sọ pé kí ẹ gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì kúrò nítorí ariwo, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan yín mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ má ṣe tú ẹ̀yìn kọ́ḿbò onígílóòbù, àní bí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná, nítorí àwọn ohun tó ń tọ́jú iná nínú rẹ̀ ṣì lè di ọgọ́rùn-ún fóltì mélòó kan mú.

Nípa ọjà rírà fúnra rẹ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn àti olè ti jẹ́ kí ìwé ìròyìn máa dárúkọ Ekosodin ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn èèyàn rere ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má dá nìkan lọ, ẹ má lọ lálẹ́, ẹ má sì kó owó lọ sí yàrá ẹni tí ẹ kò mọ̀. Ẹ ní kó gbé gìtá wá sínú ọgbà yunifásítì lọ́sàn-án, níbi tí èrò wà. Ẹ mú ẹni tó ti ta gìtá fún ọdún márùn-ún dání, kí ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin ẹ dákẹ́, nítorí ojú ẹni tó nífẹ̀ẹ́ nǹkan máa ń sọ iye owó tó ní lápò. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ fún gìtá tí wọ́n fẹ́ fi mọ́tò ránṣẹ́, tí ẹ kò tíì rí. Ẹ̀yin tó ń tà náà, ẹ wo àpò yín ní báńkì kí ẹ tó fi gìtá sílẹ̀, nítorí ayédèrú alẹ́ẹ̀tì ń ró bí ojúlówó.

Ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí i. Gìtá ṣọ́ọ̀ṣì máa ń sọnù. Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ àti nọ́ḿbà gìtá, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó tà á. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í bínú sí èyí.

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ má fi í há ògiri tó ń làágùn. Òjò Benin lé ní mílímítà 2,000 lọ́dún, okùn yóò dípẹtà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọrùn yóò sì wú. Ẹ nu okùn lẹ́yìn ìlò, ẹ fi gìtá sínú àpò rẹ̀, ó tán.

Káfíńtà kan ní Uselu, ní Benin, ló bá mi lẹ orí gìtá mi padà. Ó fi irin méjì kọ́ ọ, ó fi gúlú dì í, ó sì fi sáńpépà fá a kó lè kun ún. Orúkọ tí mo san ₦65,000 fún bá ìyẹ̀fun igi lọ. Mo ra píkọ́ọ̀pù tó dára sí i, ó sì ń dún dáadáa báyìí, bí ẹní dúpẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan dúró níwájú mi lẹ́yìn ìsìn, ó tẹ ọrùn rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ sósì, ó ń wá ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, irú gìtá wo rèé?"

Mo bọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ kúrò lọ́rùn, mo gbé e fún un, mo ní kó ta á ná.